A Kì í Sáré Lásán: Ṣé Ìdí ni "Èmi Ò Fẹ́ràn Rẹ̀" àbí Àwáwí?

  



Àwọn àgbà wa ní, a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé ejò, ejò ní ń lé wa. Bí ẹ bá jí ní ìdájí ní Òsì tàbí ní Ìlọfà, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́bàá títì, ẹ ó rí i bí òwe yìí ti wọ àwọn ènìyàn wa lára tó. Ìyá tí ń gbálẹ̀ ojúde rẹ̀ yóò nàró, yóò sì máa wò yín. Bàbá tí ń bọ̀ láti mọ́sálásí yóò béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí ló dé? Ta ní ń lé yín?" Bí ẹ bá dáhùn pé kò sẹ́ni tí ń lé yín, pé eré ìdárayá ni, yóò mi orí, yóò sì ṣe àdúà pé kí Ọlọ́hun fún yín ní iṣẹ́ gidi.

Ọ̀rọ̀ eré sísá ni a fẹ́ bá ara wa sọ ní oṣù yìí. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kan ìrun wa, ó kan ẹ̀kọ́ wa, ó sì kan bí a ṣe ń bá ọkàn ara wa sọ òdodo. Ìbéèrè náà ni pé: bí ohun rere méjì bá wà níwájú ènìyàn, tí ó fẹ́ràn ọ̀kan, tí èkejì sì nira fún un, ǹjẹ́ ó tó kí ó di èyí tí ó fẹ́ràn mú, kí ó sì fi èkejì sílẹ̀ títí láé? Nígbà wo ni "mo fẹ́ràn èyí ju ìyẹn lọ" jẹ́ ìdí tí ó tọ́, nígbà wo ni ó sì di àwáwí?

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Kò sí ọ̀lẹ nínú àwa tí a jọ ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wa ń gba bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, òun ni ó sì máa ń ṣọ́lé. Ọ̀kan ń gbé irin tí ó fúnra rẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì rọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan ń gun kẹ̀kẹ́ láti Odò-Ọwà wá sí Ìlọfà. Ẹ̀kẹrin kò rí ẹni tí yóò borí rẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ eré sísá, ẹnu wa a máa kò: "Èyí tí à ń ṣe ti tó. Eré sísá kò dùn."

Ní òru ọjọ́ kan, ibà mú ọmọ kékeré kan nínú ilé tí a wà, gìrì sì gbé e. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí fóònù ẹnikẹ́ni. Ọ̀kadà tí ó wà nílẹ̀ kò ní epo nínú. Ọkùnrin tí ó ní mọ́tò ń gbé ní ìkángun ìlú lọ́hùn-ún, ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà méjì lọ. Àwa méjì ni a sáré jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti sọ òkè kan tán, òmíràn ni yóò tún kàn. A fi gbogbo agbára bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ẹfọ̀n ń lé. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ ti ń gún wa, èémí ti há wa láyà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a dúró. Ẹni tí ń gbé irin jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀bá títì, ó di orúnkún rẹ̀ mú. Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkùnrin náà, a lu ilẹ̀kùn, ó jáde, a kò sì lè sọ̀rọ̀. Ó ń pariwo pé, "Kí ló dé? Ẹ sọ̀rọ̀!" Ẹnu wa là sílẹ̀, ohùn kò jáde.

Alhamdulillah, ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, ó sì wà láàyè di òní. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tí ń gbé irin sọ fún wa pé: "Gbogbo agbára tí ó wà lápá mi yìí, n kò lè fi gbé ara mi gun òkè kan." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn wa.

A pinnu pé a ó máa sáré ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ẹni mẹ́wàá ni ó péjọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. A sáré bí ọmọ ilé ìwé tí ń du ife ẹ̀yẹ. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ẹni mẹ́fà ti dúró. Ní Sátidé kejì, ẹni mẹ́rin ni ó wá. Ní ẹ̀kẹta, ẹni méjì. Olúkúlùkù padà sídìí ohun tí ó fẹ́ràn, a sì rí ọ̀rọ̀ dídùn kan fi bo ìtìjú wa mọ́lẹ̀: "Oríṣiríṣi ni Ọlọ́hun dá wa." Òótọ́ ni gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n a fi òótọ́ ṣe ibi ìsápamọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́, arábìnrin kan dìde. Ó ní: "Ẹ̀yin bùrọ̀dá mi, mò ń pọn omi, mò ń gún iyán, mò ń bá ìyá mi lọ sí oko. Ọlọ́hun kò ṣe eré sísá ní dandan fún mi. Kí ni ẹ fẹ́ fi dá mi lẹ́bi?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú òdodo.

KÍ NI Ẹ̀SÌN WA WÍ?

Àkọ́kọ́, arábìnrin wa sọ òótọ́. Eré sísá kì í ṣe farilá. Kò sí ẹni tí a ó bi léèrè ní ọjọ́ àlùkìyámà pé kìlómítà mélòó ni ó sá. Kódà, ibi kan wà tí Ànábì (S.A.W.) ti kọ̀ fún wa kí a sáré: nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, ó kọ́ wa pé bí a bá ti gbọ́ ìkámà ìrun, kí a má sáré wá, kí a rìn wá pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ohun ni ó ní àyè tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ànábì (S.A.W.) tún kọ́ wa, nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, pé onígbàgbọ́ òdodo tí ó lágbára sàn ju èyí tí kò lágbára lọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oore wà lára àwọn méjèèjì. Ó sì sọ fún Abdullah ọmọ Amr, ẹni tí ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́ tí ń fi gbogbo òru kírun, pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ara tí a gbé fún wa yìí, àmánà ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìtàn Dhu Qarad. Àwọn ọlọ́ṣà kó àwọn ràkúnmí Ànábì (S.A.W.) lọ. Salamah ọmọ Akwa' fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé wọn, ó ń ta wọ́n lọ́fà títí tí wọ́n fi ń ju ẹrù wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlẹ́ṣin dé bá a. Nígbà tí ogun náà parí, Ànábì (S.A.W.) yin Abu Qatadah gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dára jù nínú àwọn ẹlẹ́ṣin ọjọ́ náà, ó sì yin Salamah gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dára jù nínú àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn. Kò sọ fún ẹlẹ́ṣin pé kí ó wá sáré, kò sì sọ fún ẹlẹ́sẹ̀ pé kí ó lọ gun ẹṣin. Ẹ̀rí nìyí fún àwọn tí wọ́n ní oríṣiríṣi ni Ọlọ́hun dá wa.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Mẹ̀dínà, ọkùnrin kan nínú àwọn Ansar, tí ẹnikẹ́ni kì í fi eré borí, ń pe ìpè pé ta ni yóò bá òun sáré. Salamah gba àṣẹ lẹ́nu Ànábì (S.A.W.), ó sì gbà. Ẹ fetí sí bí ó ṣe ṣe é, nítorí pé ẹ̀kọ́ àwa ará ilẹ̀ olókè ni. Salamah kò fi gbogbo agbára bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun fa ara òun sẹ́yìn ní òkè kan tàbí méjì kí èémí òun má baà tán. Ìgbà tí ó yá ni ó tó ki eré mọ́lẹ̀, ó lé ọkùnrin náà bá, ó fọwọ́ kàn án láàárín èjìká méjèèjì, ó sì ṣáájú rẹ̀ dé Mẹ̀dínà. Inú Sahih Muslim ni ìtàn yìí wà. Ìbá ṣe pé a ti kà á dáadáa kí òru ọjọ́ gìrì yẹn tó dé, bóyá a kì bá jókòó lẹ́bàá títì.

Ẹ̀wẹ̀, nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 216, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ nípa ogun tí àwọn ènìyàn kò fẹ́, Ó fi yé wa pé ó ṣeé ṣe kí a kórìíra nǹkan kan kí oore wà nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí a fẹ́ràn nǹkan kan kí aburú wà nínú rẹ̀. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀, àwa kò mọ̀. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìfẹ́ wa àti ìkórìíra wa lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ́ adájọ́. A gbọ́dọ̀ bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè kí a tó gba ẹ̀rí rẹ̀.

ṢÉ ERÉ SÍSÁ GAN-AN NI A KÓRÌÍRA?

A bi ara wa ní ìbéèrè náà, ohun mẹ́ta ni a sì rí.

Èkíní, ibi tí a ti kọ́ eré sísá kò dára. Nígbà tí a wà ní ilé ìwé, bí ọmọ bá pẹ́ dé, tàbí tí ó bá pariwo nínú kíláàsì, wọ́n a ní kí ó sá yí pápá ká. Ìyà ni eré sísá jẹ́. Bí ó bá sì di ọjọ́ ìdíje láàárín àwọn ilé, ẹni mẹ́ta tí ó ṣáájú ni à ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹni tí ó gbẹ́yìn ni à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni yóò fẹ́ràn ohun tí ó mọ̀ sí ìyà àti ẹ̀sín?

Èkejì, a máa ń sáré ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń gba ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó lè máa gbé ẹ̀jẹ̀ àti atẹ́gùn tí ó tó lọ sí iṣan ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ipá bẹ̀rẹ̀ yóò ti jẹ gbèsè èémí kí ara rẹ̀ tó múra tán. Ìnira tí ń bẹ nínú gbèsè yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní eré sísá. A kò tíì tọ́ ọ wò ní ìwọ̀nba rí.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn wá jù. Ẹni tí ó ti ń gba bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́wàá, tí ó sì sáré fún Sátidé mẹ́ta péré, kò tíì tó ẹni tí ń sọ pé òun fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ. Ó ń fi ọdún kẹwàá ohun kan wé ọjọ́ kẹta ohun mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú wa lọ sí ilé kéwú. Ta ni wàláà dùn mọ́ nínú? Ta ni kò sunkún nídìí alifa àti bá? Bí àwọn òbí wa bá ti gba ẹ̀rí wa ní ọjọ́ kẹta pé "n kò fẹ́ràn kéwú," ta ni ìbá lè dúró kírun nínú wa lónìí? Adùn ohun tí ó nira, lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́ ni ó máa ń dé.

Nítorí náà, ohun tí a kórìíra kì í ṣe eré sísá. Ohun tí a kórìíra ni kí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹni tí ó bá jẹ́ akọni nínú bọ́ọ̀lù kò fẹ́ kí a rí òun níbi tí òun ti jẹ́ ọmọdé.

ÀWỌN TÍ Ó GBA Ọ̀NÀ YÌÍ ṢÁÁJÚ WA

Arákùnrin wa nínú ẹ̀sìn, Mo Farah, ọmọ Sòmálíà tí ó dàgbà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀lù ni ó fẹ́ràn. Ẹgbẹ́ Arsenal ni ó ń ràn, ó sì wù ú kí ó di agbábọ́ọ̀lù. Olùkọ́ eré ìdárayá rẹ̀ ní ilé ìwé, Alan Watkinson, ni ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀. Olùkọ́ náà kò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ńṣe ni ó fi bọ́ọ̀lù tàn án wá sídìí eré sísá: bí ó bá wá sáré, yóò rí àyè gba bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò fẹ́ sáré ṣe gba góòlù nínú 5,000 mítà àti 10,000 mítà ní Olympics Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, tí ó sì tún gba méjèèjì ní Rio ní 2016. Nínú 10,000 mítà ti Rio yẹn, ó ṣubú lulẹ̀ láàárín eré, ó dìde, ó sì ṣe ipò kìíní. Ní 2022, òun fúnra rẹ̀ sọ fún aráyé pé ńṣe ni wọ́n jí òun gbé wá sí Bìrìtìkó ní kékeré lábẹ́ orúkọ ọmọ ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń fi òun ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Olùkọ́ yẹn kan náà ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà hàn, òun ni ó sì bá a wá ìrànlọ́wọ́.

Nílé wa níbí, Chioma Ajunwa wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà tí ó lọ sí ìdíje ife àgbáyé ní 1991. Ní Olympics Atlanta ní 1996, ó sáré, ó fò 7.12 mítà, ó sì gba góòlù. Ní ọdún kan náà, ní pápá kan náà, arábìnrin wa Falilat Ogunkoya gba bàbà nínú 400 mítà pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 49.10. Òun àti Bisi Afolabi, Fatima Yusuf àti Charity Opara sì gba fàdákà nínú eré ọlọ́pàá mẹ́rin.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa retí góòlù. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ohun tí ènìyàn fẹ́ràn lè di àtẹ̀gùn sí ohun tí ó nira fún un. Kò di dandan kí ó jẹ́ odi láàárín wọn.

BÍ A ṢE TÚN BẸ̀RẸ̀

Bukhari àti Muslim gbà á wá pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a bá ń ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ kéré. Orí èyí ni a gbé ìbẹ̀rẹ̀ wa kejì kà. Ní 1996, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ṣe ìlànà kan fún àwọn tí kò sáré rí, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó ní lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àṣírí rẹ̀ ni pé ènìyàn á sáré díẹ̀, á rìn díẹ̀, á tún sáré. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ, ìrìn á máa dín, eré á máa pọ̀, títí yóò fi lè sá kìlómítà márùn-ún láì dúró. A mú un rọrùn sí i fún òkè wa, báyìí:

1. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn kíákíá kí ara kọ́kọ́ gbóná.

2. Ẹ sáré fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Bí ó bá rọrùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ìdajì ìṣẹ́jú kún eré.

3. Ẹ sáré débi tí ẹ ó ṣì lè sọ gbólóhùn kan tán fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ ti ń yára jù. Àwa máa ń ka Sūratul-Fātihah pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Bí ẹsẹ bá já lẹ́nu wa, a ó dẹ eré.

4. Bí ẹ bá kan òkè, ẹ rìn ín. Ẹ ṣe bíi Salamah.

5. Ẹ lọ ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ sá ní apá òsì títì, kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú yín. Ẹ wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀ yòò. Bí eruku ọyẹ́ bá pọ̀, ẹ sinmi ní ọjọ́ náà.

Ẹni tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dá, ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń há, ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, àti aláboyún, ẹ kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn dókítà. Ìdí ti tiwọn dájú. Kì í ṣe àwáwí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tí ó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Ó sì ní kí a máa ṣe èyí tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Ẹ ò rí i pé ìrìn kíákíá wà nínú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀, irin gbígbé náà wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí tí ẹlòmíràn ń ṣe.

Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN ARÁBÌNRIN WA

Nígbà tí a dá arábìnrin wa lóhùn tán, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó sọ òtítọ́ tí ó ti ń pa mọ́. Ó ní, "Kì í ṣe pé eré sísá kò wù mí. Ojú tí yóò máa wò mí lójú títì ni kò wù mí." Ọ̀rọ̀ yìí yí ìpàdé náà padà. A ti ń wá àwáwí lọ́dọ̀ rẹ̀, a kò mọ̀ pé ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ tiwa. Àwọn ọmọkùnrin tí ń jókòó sórí ọ̀kadà tí wọ́n ń súfèé, tí wọ́n ń fi ẹni tí ó sanra tàbí ẹni tí ó wọ híjáàbù ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n. Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa nínú Sūratul-Hujurāt, ẹsẹ 11, kí àwọn kan máa fi àwọn kan ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó fi ẹ̀rín lé ọmọnìkejì rẹ̀ kúrò nídìí rere ti jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ Ànábì wa (S.A.W.). Lẹ́nu ìrìn-àjò, ó bá ìyá wa Àíṣà sáré ìje. Ìyá wa borí rẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, tí ara ìyá wa ti kún, wọ́n tún sáré, Ànábì (S.A.W.) sì borí, ó fi ẹ̀rín sọ pé èyí di ti ọjọ́ yẹn. Abu Dawud ni ó gba ìtàn yìí wá. Nínú bí Ahmad ṣe gbà á wá, Ànábì (S.A.W.) kọ́kọ́ ní kí àwọn ènìyàn máa lọ níwájú, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lè dá wà. Kò sọ fún ìyá wa pé obìnrin kì í sáré. Ńṣe ni ó wá àyè fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá wa Hájárà, ẹni tí ó sáré láàárín Safa àti Marwa nítorí omi fún ọmọ rẹ̀ Ismaila. Ẹsẹ̀ obìnrin kan ni gbogbo alálàájì ń tọ̀ di òní. Nítorí náà, iṣẹ́ àwa arákùnrin ni kí a wá ibi tí ó bò fún àwọn arábìnrin wa, kí a sì gbé ojú wa kúrò.

BÁWO NI A Ó ṢE MỌ ÌDÍ YÀTỌ̀ SÍ ÀWÁWÍ?

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ mo ti gbìyànjú ohun yìí ní ìwọ̀nba, fún àkókò tí ó tó? Bí kò bá sí ẹni tí yóò rí mi, tí kò sì sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, ǹjẹ́ n ó ṣì kọ̀ ọ́? Ǹjẹ́ ohun tí mo fẹ́ràn ń ṣe iṣẹ́ tí èkejì ìbá ṣe fún mi, àbí mo kàn ń fi bo ibi tí mo kù sí? Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú òdodo, tí ó sì padà sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó yàn ni, kò sá. Kò sí ẹni tí ó lè bá a wí. Ẹni tí kò bá jẹ́ dáhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ akọni lórí pápá, ọkàn rẹ̀ ni ó ń tàn án. Ọkàn tí ó bá sì tan ènìyàn nídìí eré sísá, kò níí pẹ́ tí yóò fi tàn án nídìí ìrun òru, nídìí ìwé tí ó le, àti nídìí ẹ̀bẹ̀ tí ó yẹ kí ó lọ bẹ ẹni tí ó ṣẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sáré náà, ẹ ṣọ́ra. Àwáwí lè wọ bàtà kánfáàsì. Ẹni tí ń sáré kìlómítà mẹ́wàá kí ó má baà jókòó ti ìwé rẹ̀, tàbí tí ó ń jẹ́ kí àkókò ìrun kọjá, òun náà ń sá pamọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti kọjá lórí ìbẹ̀rẹ̀ wa kejì. Àwa méjìlá ni a bẹ̀rẹ̀. Méje ni ó kù. Aṣọ́lé wa gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, ó ní òun ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe tòun, ó sì padà sídìí bọ́ọ̀lù rẹ̀. A kí i fún òdodo rẹ̀. Ẹni tí ń gbé irin ṣì ń sá; ó ní kò tíì dùn, ṣùgbọ́n kò jókòó lẹ́bàá títì mọ́. Arábìnrin wa àti àwọn mẹ́ta mìíràn ń sá nínú ọgbà tí ó ní odi, ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kò sì sí ọkùnrin kankan níbẹ̀.

Ní Sátidé tí ó kọjá, bàbá kan tún dá wa dúró ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí pé ta ní ń lé wa. A dọ̀bálẹ̀ kí i, a sì ròyìn òru ọjọ́ gìrì yẹn fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Nígbà tí mo tó yín, n kò ní mọ́tò láti retí." Ó sì ṣe àdúà fún wa.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ara tí ó le fi sin Ín, ọkàn tí kì í tan ara rẹ̀, àti sùúrù fún ọjọ́ àkọ́kọ́ ohun rere gbogbo. Kí Ó dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Āmīn.